Ẹ̀gbọ́n tó ń gbé omi fún àbúrò: ìdáhùn fún ẹni tó fẹ́ gun eré kẹ̀kẹ́ ọlọ́jọ́ mẹ́rin

Ẹnì kan kọ̀wé sí mi láti Kúbwá l'Ábújá, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni ọdún 44 ni mí, iṣẹ́ ọ́fíìsì ni mò ń ṣe. Ó ti tó ọdún 3 tí mo ti ń gun kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú kíláàbù wa, àárọ̀ Sátidé la máa ń jáde, kìlómítà 70 sí 80, a sì ti máa ń délé kí aago 9 tó lù. Ní ìparí oṣù kọkànlá, àwa 6 fẹ́ lọ gun eré ọlọ́jọ́ mẹ́rin: ọjọ́ kìíní kìlómítà 90, ọjọ́ kejì 125, ọjọ́ kẹta oníkálukú á dá gun 20 kí wọ́n fi aago kà á, ọjọ́ kẹrin 105 tó kún fún òkè lápá Bwari. Mi ò gun kẹ̀kẹ́ ọjọ́ 2 léra wọn rí. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é tí mi ò ní dákú sọ́nà lọ́jọ́ kẹta? Ìkejì, kápútẹ̀nì wa ní iṣẹ́ tèmi ni kí n máa gbé omi kí n sì máa wà níwájú láti bo afẹ́fẹ́ fún ọmọ kan tó jẹ́ ẹni ọdún 26. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìyẹn kì í ṣe ìwọ̀sí? Àkọ́bí mi ò fi bẹ́ẹ̀ kéré sí i."

Àbúrò mi, o kú ìmúra o. Ìbéèrè kejì yẹn ni màá kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ló pọn ti àkọ́kọ́ sẹ́yìn. Bí ohun kan bá máa pa ẹ́ lọ́jọ́ kẹta, ìjà tí o fẹ́ bá ọmọ ọdún 26 yẹn jà lọ́jọ́ kìíní ni, kí àwọn èèyàn má baà sọ pé ó ti rẹ àgbàlagbà. Ọjọ́ orí ẹ ò ṣe nǹkan kan.

Mo mọ̀ bó ṣe ń dun èèyàn ṣá. Nílé wa, ọmọdé ló ń sáré lọ ra píọ̀ wọ́tà, àgbà á jókòó kó tó mu ún. Orí kẹ̀kẹ́ wá yí gbogbo ẹ̀ padà. Kódà ọ̀rọ̀ tí àwọn Faransé fi ń pe ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún ẹ yẹn, domestique, ọmọ ọ̀dọ̀ ni ìtumọ̀ ẹ̀, èébú sì ni wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe. Lọ́dún 1911 níbi Tour de France, eré kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Maurice Brocco ti pàdánù àsìkò tó pọ̀, ó mọ̀ pé òun ò lè borí mọ́, ló bá dúró de François Faber tí wọ́n jọ ń gun eré náà lọ́nà, ó bo afẹ́fẹ́ fún un títí tí wọ́n fi dé ibi ìparí, kí wọ́n má baà lé Faber jáde nítorí pé ó pẹ́ jù. Inú bí Henri Desgrange tó ń darí eré náà, ó fẹ́ lé Brocco dànù àmọ́ kò rí ẹ̀rí, ló bá kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn ẹ̀ pé ọmọ ọ̀dọ̀ lásán ni. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, Brocco gùn bí ẹni tí wọ́n dáná sí ní gìgísẹ̀, ó fi ìṣẹ́jú 34 ju gbogbo wọn lọ. Desgrange ṣì lé e jáde o. Àmọ́ èébú yẹn ló wá di orúkọ iṣẹ́ gidi, tí àwọn èèyàn fi ń kọ́lé tí wọ́n fi ń rán ọmọ níléèwé. Biniam Girmay, ọmọ Eritrea tó borí ọjọ́ 3 nínú Tour de France ọdún 2024 tó sì gba jẹ́sì aláwọ̀ ewé tí wọ́n máa ń fún ẹni tó kó máàkì jù, ṣé o rò pé ó dá gùn ún ni? Àwọn kan ń bo afẹ́fẹ́ fún un láti àárọ̀, mo sì mọ̀ pé o ò lè dárúkọ ẹnì kan nínú wọn fún mi.

Ìdí tí iṣẹ́ yẹn fi wà rárá ni afẹ́fẹ́. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, tí èèyàn bá ti ń sá 35 sí 40 kìlómítà ní wákàtí kan, afẹ́fẹ́ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú agbára ẹ̀, kì í ṣe títì, kì í ṣe ẹrù. Tí o bá fi eré kún eré, láti 30 dé 36 péré, ó dà bí ohun kékeré lójú, àmọ́ agbára tí o fi ń ti afẹ́fẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan á ti ju ìlọ́po kan àtààbọ̀ lọ. Ẹni tó bá wá sápamọ́ sẹ́yìn ẹ, tí táyà iwájú tiẹ̀ sún mọ́ táyà ẹ̀yìn tìẹ dáadáa, á rí bí ìdá 25 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún agbára ẹ̀ tọ́jú. Ṣé o ti rí i báyìí? Tí ọmọ yẹn bá fi wákàtí mẹ́ta sápamọ́ sẹ́yìn ẹ lọ́jọ́ kejì, ẹsẹ̀ tó máa gbé dé òkè Bwari lọ́jọ́ kẹrin yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ẹni tó ń dá jà. Ìwọ àti òun lẹ jọ gùn ún, òun ló kàn máa gbé ife.

Ó sì lọ́gbọ́n nínú o, kì í ṣe kéèyàn kàn wà níwájú. Ìparí oṣù kọkànlá tí ẹ fẹ́ gùn ún, ọyẹ́ ti ń wọlé, àríwá ìlà-oòrùn ló sì máa ń ti fẹ́ wá. Wo àwọn ọ̀nà wa l'Ábújá níbí. Tí ẹ bá ti àárín ìlú ń bọ̀ ní Kúbwá lórí ẹ́síprẹ́ẹ̀sì, ọwọ́ ọ̀tún ni afẹ́fẹ́ á ti máa gbá yín. Tí ẹ bá gba ọ̀nà èápọ́ọ̀tù lọ, á máa tì yín lẹ́yìn, gbogbo èèyàn á rò pé òun ti di akọni, ìgbà tí ẹ bá ṣẹ́rí padà sí ìlú lojú á tó là. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá wá láti ọ̀tún, ẹ̀yìn ẹ gangan kọ́ ni ibi ààbò mọ́, ẹ̀yìn lápá òsì ẹ díẹ̀ ni, torí náà ìwọ wà lápá ọ̀tún, jẹ́ kí ọmọ yẹn wà lósì, kó o sì fi àyè sílẹ̀ fún un kó má baà já sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì. Tí àwọn tó mọ̀ ọ́n bá rí irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n máa ń tò ní ìdágẹ̀rẹ́, bí lékeléke ṣe máa ń tò lójú ọ̀run nírọ̀lẹ́ tí wọ́n bá ń darí lọ sùn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé títì ò gba gbogbo èèyàn nínú ìlà yẹn. Ẹni tí kò bá ráyè á wà létí títì láìsí ààbò kankan, á máa jà, á máa jà, ó kàn máa rí i pé àwọn tó wà níwájú ti lọ. Nítorí náà, tí o bá ti mọ̀ pé ẹ fẹ́ yà sí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ti ń gbá yín lẹ́gbẹ̀ẹ́, gbé ọmọ yẹn dé iwájú kí ẹ tó yà, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá yà tán.

Omi gbígbé náà, ẹ̀kọ́ ni. Má lọ sẹ́yìn lọ gba omi nígbà tí ọ̀wọ́ àwọn tó ń gùn ún bá ń sáré tàbí tí òkè bá kù díẹ̀, ìgbà tí gbogbo wọn bá rọra tí wọ́n ń ṣeré, tí wọ́n ń tọ̀, ìgbà yẹn ni kó o lọ. Ike omi 6 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 75cl, kílò 4 àtààbọ̀ nìyẹn lẹ́yìn jẹ́sì, ó máa fà ẹ́ sẹ́yìn, ó máa tutù sí ẹ lẹ́yìn, á sì kọ́kọ́ dà bíi pé o pọn ọmọ. Má fò dìde láti fi agbára gun iwájú, máa rọra gba ẹ̀yìn ẹnì kan bọ́ sí ẹ̀yìn ẹlòmíì títí wàá fi dé ọ̀dọ̀ àwọn tìẹ. Má sì di mọ́tò mú o, wọ́n á lé ẹ. Fún àwọn yòókù lómi kí o tó mu tìẹ, àmọ́ rí i pé o mu tìẹ, torí mo ti rí ọmọ odò tí òùngbẹ pa sẹ́gbẹ̀ẹ́ odò.

Ó kù síbì kan tí ọ̀pọ̀ kíláàbù kì í ṣàlàyé fún àwọn tí wọ́n gbé iṣẹ́ yìí fún. Iṣẹ́ ẹ ní ibi tó ti máa ń parí lójúmọ́. Ẹ jókòó kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí kápútẹ̀nì sọ ọ́ fún ẹ: lọ́jọ́ kìíní, gbé e dé kìlómítà 75, lọ́jọ́ kejì, gbé e dé ẹsẹ̀ òkè tó kẹ́yìn. Tí o bá ti dé ibẹ̀, jáwọ́. Já a sílẹ̀ kó máa lọ, ìwọ náà wá àwọn tó ti parí iṣẹ́ tiwọn, ẹ jọ máa rọra bọ̀, ẹ máa sọ ìtàn. Nínú eré ọlọ́jọ́ kan, èèyàn lè sọ̀ kalẹ̀ tí iṣẹ́ bá ti tán. Níbi ìdíje àgbáyé tí wọ́n ṣe ní Kigali lóṣù kẹsàn-án ọdún 2025, ìgbà àkọ́kọ́ tó máa wá sí Áfíríkà, ọgbọ̀n ọkùnrin péré ló parí eré tí Tadej Pogačar, ọmọ Slovenia, borí, àwọn yòókù ti sọ̀ kalẹ̀ lọ́nà, ilé ya. Ọlọ́jọ́ púpọ̀ ò rí bẹ́ẹ̀. Tí o ò bá parí tòní, o ò ní gun tọ̀la, o sì gbọ́dọ̀ parí ẹ̀ láàárín àsìkò tí wọ́n dá lẹ́yìn ẹni tó kọ́kọ́ dé. Béèrè iye àsìkò yẹn lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣètò ẹ, kọ ọ́ sórí béba kékeré, fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ hándù. Ohun tó kàn ẹ́ nìyẹn. Ipò kẹta tàbí ipò kejìdínlógójì, kò kàn ẹ́ rárá.

Èmi gan-an ṣe wèrè yẹn rí. Eré ọlọ́jọ́ márùn-ún àkọ́kọ́ tí mo gùn lókè ọ̀hún, mo jágbá lọ́jọ́ kìíní, èmi nìkan níwájú fún bíi 40 kìlómítà, àwọn ọmọ iléèwé ń pàtẹ́wọ́ létí títì, mo ń juwọ́ sí wọn bíi gómìnà. Wọ́n bá mi nígbà tó ku kìlómítà 3. Gbogbo wa jọ dé pọ̀, ẹni tó bá sì jọ dé nínú ọ̀wọ́ kan náà, àsìkò kan náà ni wọ́n máa ń kọ fún wọn, èyí túmọ̀ sí pé ọkùnrin tó sápamọ́ látàárọ̀ tó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́yìn wa níbẹ̀, àsìkò òun àti tèmi dọ́gba. Ọjọ́ kejì, mo jìyà. Ọjọ́ kẹta, mo jókòó sábẹ́ igi igbá kan, ẹsẹ̀ mi ò gbọ́ tèmi mọ́, ni ìyá Fúlàní kan tó ń ta nónò àti fúrà bá kọjá, ó wò mí, ó ní "sannu, sannu," ó bu igbá kan fún mi, kò gbowó. Wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn kíni, wọ́n sì tún máa ń fi sọ fún èèyàn pé kó rọra. Títí di òní mi ò mọ èyí tó sọ fún mi nínú méjèèjì.

Ó yá, ká bọ́ sórí oúnjẹ, torí ibẹ̀ gan-an leré ọlọ́jọ́ púpọ̀ wà.

Ara èèyàn ní kóló kan. Inú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ló wà, ṣúgà la ń jù sínú ẹ̀, ẹni tó bá jẹun dáadáa á ní bíi gíráàmù 400 sí 500 níbẹ̀. Tí o bá gùn kíkankíkan, kí wákàtí méjì tó pé ó ti ń lọ sísàlẹ̀ pátápátá. Ọ̀rá pọ̀ lára wa lóòótọ́, wo ikùn èmi àti ìwọ, àmọ́ ọ̀rá dà bí owó báǹkì tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dáa: ó wà níbẹ̀ o, kì í kàn í tètè jáde. Tí kóló bá ṣófo, ẹ́ńjìnì á nọ́kì, ojú á máa ṣú ẹ, ọwọ́ á máa gbọ̀n, wàá kàn máa bínú sí gbogbo èèyàn. Ohun tí àwọn tó mọ eré ọjọ́ kan ṣoṣo ò mọ̀ ni pé kóló yìí lè gbà tó wákàtí 24 kó tó kún padà, kódà tí o bá ń jẹun gidi. Ká ní ẹ parí lọ́jọ́ kìíní ní aago 12 ọ̀sán, ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì ní aago 8 àárọ̀, wákàtí 20 nìyẹn. O ti jẹ gbèsè kó o tó gorí kẹ̀kẹ́. Tí o bá wá dé lọ́jọ́ kìíní pẹ̀lú kóló tó ṣófo pátá, gbèsè yẹn á bímọ.

Torí náà, orí kẹ̀kẹ́ ni o ti máa jẹun ọ̀la. Gíráàmù 60 ṣúgà ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, láti ìṣẹ́jú 20 àkọ́kọ́, kí ebi tó pa ẹ́. Tí ebi bá ti pa ẹ́, ó ti pẹ́. O ò nílò àwọn jẹ́ẹ̀lì òyìnbó tí wọ́n ń tà lówó gọbọi yẹn. Píọ̀ wọ́tà 2 jẹ́ lítà kan. Ṣúgà oníhóró, hóró kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 4, hóró 15 nínú lítà kan yẹn ti fún ẹ ní 60. Fi iyọ̀ sí i, ìdá kan nínú mẹ́rin ṣíbí tíì, kó o fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kó má baà rí bí omi àgbo lẹ́nu ẹ. Ó tán. Tí ooru bá mú, lítà yẹn ni o máa mu ní wákàtí kan, tí ojú ọjọ́ bá tutù o lè mu ìdajì ẹ̀ kó o fi nǹkan jíjẹ kún un. Dàbínù gbígbẹ tí àwọn Hausa ń tà yẹn, 5 tàbí 6 ẹ̀ ti tó gíráàmù 30, yọ kóró ẹ̀ nílé, fi sínú ọ̀rá kékeré. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan tó bíi 25. Má fọwọ́ kan súyà lójú ọ̀nà, má sì jẹ nǹkan tí o ò jẹ rí nígbà tí o ń gun ìdánrawò, torí ìgbẹ́ gbuuru ti lé èèyàn kúrò nínú eré ju ẹsẹ̀ dídùn lọ.

Ọyẹ́ ní ẹ̀tàn kan. Òógùn máa ń gbẹ kó o tó mọ̀ pé o làágùn, wàá rò pé ara ẹ tutù, wàá gbàgbé omi. Gun ìwọ̀n kí o tó jáde àti nígbà tí o bá dé, kílò kan tó bá lọ, lítà omi kan ni. Tí o bá ti pàdánù ju kílò kan àtààbọ̀, omi tí o mu kéré. Àmọ́ tí o bá tún wúwo ju bí o ṣe jáde lọ, omi lásán lo mu jù, ìyẹn náà léwu, ó lè fọ iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹ dànù.

Tí o bá ti sọ̀ kalẹ̀, eré ọ̀la ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wákàtí mẹ́rin àkọ́kọ́ ni ara máa ń gba ṣúgà wọlé jù, ẹni tó bá tó kílò 70 fẹ́ bíi gíráàmù 70 sí 80 ní wákàtí kọ̀ọ̀kan nínú àwọn wákàtí yẹn. Mínírà 50cl kan ní bíi 50, ìgbà kan ṣoṣo nínú ayé nìyí tí màá sọ fún èèyàn pé kó mu mínírà. Lẹ́yìn ẹ̀ ìrẹsì, ẹyin 4 tàbí ẹja, iṣu, kúnú, ohunkóhun tó bá lè wọlé. Jẹ ẹ̀bà tó bá wù ẹ́ lálẹ́, kò burú, àmọ́ dín ata àti epo kù. Àwọn ọmọ á máa jókòó níbi ìparí eré, wọ́n á máa ya fọ́tò, wọ́n á máa jiyàn nípa ẹni tó gbá ẹnì kan. Ìwọ, fọwọ́ kan àgbá omi, wẹ̀, jẹun, gbé ẹsẹ̀ lé ògiri, sùn. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n máa fi mọ̀ ẹ́ nínú kíláàbù yín, pé ẹ̀gbọ́n ò sí níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n ti lọ sùn. Gbé ohun tí wọ́n ń fi dí etí dání, torí jẹnẹrétọ̀ hòtẹ́ẹ̀lì ò mọ̀ pé o fẹ́ gun 125 lọ́la.

Ọjọ́ kẹta tó ń bà ẹ́ lẹ́rù yìí wá ńkọ́? Àbúrò, ìsinmi ẹ nìyẹn! Kò sí afẹ́fẹ́ tí o máa bo fún ẹnikẹ́ni, kò sí omi tí o máa gbé, ìwọ àti aago ni. Ká ní ẹni tó yára jù gun 20 yẹn ní ìṣẹ́jú 30, tí àwọn tó ń ṣètò sì ní ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ lé e ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ìṣẹ́jú 39 lo ní. Gùn ún ní 37, kí méjì kù fún ọ̀ràn. Ẹni tó ń gun 80 lọ́jọ́ Sátidé á ṣe é tọ̀yàyàtọ̀yàyà, ká ní kò ti pa ẹsẹ̀ ẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Lẹ́yìn ìyẹn o ní odindi ọ̀sán láti fi kún kóló. Àwọn tí wọ́n máa ń kú lọ́jọ́ kẹta ni àwọn tí wọ́n rí ẹni tó gbéra níwájú wọn tí wọ́n ní àwọn gbọ́dọ̀ bá a.

Ìdánrawò. Ọ̀sẹ̀ 10 ló kù, ó tó. Kọ́kọ́ lọ yẹ BP ẹ wò, kí dókítà gbọ́ ọkàn ẹ, ọdún 44 kì í ṣe ọdún 24, mi ò fi eléyìí ṣeré. Ọ̀sẹ̀ 3 àkọ́kọ́, gun 80 tìẹ lọ́jọ́ Sátidé bí o ṣe ń ṣe, àmọ́ kó o jáde lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà fún 50, kó rọrùn débi pé o lè sọ̀rọ̀ ní gbólóhùn gbólóhùn láì mí hẹlẹ. Sọ́ńdè yẹn ni gbogbo ẹ̀kọ́, torí ohun tí o ò ní ni ẹsẹ̀ ọjọ́ kejì. Ọ̀sẹ̀ 4 tó tẹ̀lé e, 100 lọ́jọ́ Sátidé, 80 lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kó o sì mú ọjọ́ iṣẹ́ kan gbàyè nínú ẹ̀ kó o gun Fúráìdè, Sátidé, Sọ́ńdè léra wọn, ká wo bí ara á ṣe rí. Láàárín ọ̀sẹ̀, ìrọ̀lẹ́ 2, wákàtí kan kan, kó o fi ìṣẹ́jú 8 lọ́nà mẹ́ta gun òkè tàbí kó o sá gan-an. Ọjọ́ mẹ́wàá tó kẹ́yìn, gé gbogbo kìlómítà sí ìdajì, má fi kún un nítorí ẹ̀rù.

Àṣà yín kan wà tí ó gbọ́dọ̀ yí padà: ẹ máa ń délé kí aago 9 tó lù. Ó dára fún mọ́tò, ó dára fún ṣọ́ọ̀ṣì àti òde, àmọ́ eré tí ẹ fẹ́ lọ gùn á bá oòrùn lójú ọ̀run. Ara máa ń gbà tó ọjọ́ 10 sí 14 kó tó mọ oòrùn gan-an, nítorí náà ní ọ̀sẹ̀ 3 tó kẹ́yìn, jáde ní aago 10 lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, pẹ̀lú omi tó pọ̀. Má dá lọ o, má sì jìnnà kọjá ibi tí àwọn èèyàn wà, o mọ bí ọ̀nà ṣe rí.

Kẹ̀kẹ́ ò ní gba àyè púpọ̀. Tòkunbọ̀ ni tìẹ, mo mọ̀, tèmi náà ni. Rí i pé gíà tó kéré jù níwájú ní eyín 34, tí èyí tó tóbi jù lẹ́yìn sì ní eyín 32, kó o lè máa yí ẹsẹ̀ bíi 80 ní ìṣẹ́jú kan lórí òkè Bwari láì fi orúnkún fọ́ nǹkan. Ra ṣéènì tuntun ní oṣù kan ṣáájú, kì í ṣe lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré. Ẹnu tọ́ọ̀bù wa tín-ín-rín, èyí tí fọkanáísà létí títì ń lò ò lè wọ̀ ọ́, ra irin kékeré tí wọ́n ń fi sí i lẹ́nu, so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ ẹ.

Ìdí. Kò sẹ́ni tó máa ń béèrè, ó sì ti rán àgbàlagbà lọ sílé. Má wọ pátá sábẹ́ ṣọ́ọ̀tì oní-fóòmù, ojú rírán ẹ̀ ló ń gé èèyàn. Gbé ṣọ́ọ̀tì 4, ọ̀kan fún ọjọ́ kan, bọ́ ọ kí o tó kí ẹnikẹ́ni níbi ìparí, fi ọṣẹ àti omi wẹ̀, jẹ́ kó gbẹ. Kí o tó gùn, fi òrí pa á, ti ọ̀dọ̀ àwọn Nupe nígboro Bida ni mo fẹ́ràn jù, ó le, kì í tètè yọ́. Tí nǹkan bá ti ń ta ẹ́ lọ́jọ́ kìíní, sọ fún ẹni tó ń tọ́jú yín lọ́jọ́ kìíní.

Má gbé oògùn ìrora irú ibuprofen mì láti fi gun kẹ̀kẹ́ nígbà tí omi ti gbẹ lára ẹ, kíndìnrín ni o ń fi ṣeré. Tí ibà bá gbé ẹ dè ní ọ̀sẹ̀ yẹn, yẹ̀ ẹ́ wò, tí ó bá jẹ́ ibà gidi, o ò gùn, kò sí àríyànjiyàn. Tí àyà bá ń fún ẹ, sọ̀ kalẹ̀ níbi tí o wà.

Àti ohùn. Nínú ọ̀wọ́ yẹn ẹ ò ní gbọ́ èdè ara yín, àwọn kan á pariwo "hole", àwọn kan á pariwo "rami", ìwọ á pariwo "kòtò". Fi ìka tọ́ka sí i, ẹnu lásán ò tó. Má tẹ bíréèkì lójijì, má jẹ́ kí táyà ẹ wọ ẹ̀gbẹ́ táyà ẹni tó wà níwájú, ẹni tó wà lẹ́yìn ló máa ń ṣubú tí méjèèjì bá fi ara kanra.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí ni pé kó o pe ọmọ yẹn. Bí ó bá jẹ́ ọmọ tó ní ẹ̀kọ́ nílé, ojú á ti máa tì í láti bi ẹ́ ní nǹkan. Bi í ní iye omi tó máa ń mu ní wákàtí kan, ọwọ́ wo ló fi ń gba ike, ṣé ó fẹ́ràn kí ẹni tó wà níwájú ẹ̀ máa dìde tí òkè bá dé tàbí kó jókòó. Kí ẹ̀yin méjèèjì jọ jáde lọ́jọ́ Sọ́ńdè, kó wà lẹ́yìn ẹ fún wákàtí kan lọ́nà èápọ́ọ̀tù nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀ sí ìlú, kò gbọ́dọ̀ kọjá sí iwájú ẹ. Lẹ́yìn náà kó o kọ̀wé sí mi, kó o sọ iye kìlómítà tí o gùn, ohun tí o jẹ, àti bí ẹsẹ̀ ṣe rí láàárọ̀ Mọ́ńdè.